Fóònù, fọ́tò àti àárò ilé ní káńpù ìgbà ooru

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún 11, fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní káńpù ìgbà ooru kan ní ìpínlẹ̀ Maine. Káńpù náà ti pẹ́, wọn kì í sì í gba fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí aago ọwọ́ tó ń pe ènìyàn láàyè. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé lálaalẹ́ ni àwọn yóò máa gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí áàpù kan, wọ́n sì ń béèrè bóyá òun fọwọ́ sí i kí ẹ̀rọ máa dá ojú ọmọ náà mọ̀ nínú fọ́tò. Ìyá ọkọ òun ní Ìbàdàn, tó máa ń rí ọmọ náà lórí WhatsApp ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ń béèrè pé irú ibo ni wọ́n ń mú ọmọ lọ tí àwọn kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣé kí òun fi fóònù kékeré kan pamọ́ sínú àpótí ọmọ náà ni, kí ọkàn gbogbo ilé lè balẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àníyàn. N ó kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín, nítorí òun ló kánjú jù: ẹ má fi fóònù pamọ́ sínú àpótí ọmọ náà. Ọdún 9 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní irú káńpù bẹ́ẹ̀ ní apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Alábòójútó ọmọ ni mí ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá mo di ẹni tó ń gba ìpè àwọn òbí ní ọ́fíìsì. Ohun tí iṣẹ́ kejì yìí kọ́ mi ni pé fóònù tó ń da ìgbádùn ọmọ rú ní káńpù kì í sábà jẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ nílé ni.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé gbígba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ti wà nínú ìpìlẹ̀ káńpù kí fóònù tó dáyé. Lọ́dún 1861, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Frederick Gunn ní ìlú Washington ní ìpínlẹ̀ Connecticut kó àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé rẹ̀ rìn lọ sí etí òkun, ìrìn nǹkan bí máìlì 40, wọ́n sì pàgọ́ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni tó kọ́kọ́ dá káńpù ọmọdé sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1881, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ernest Balch, dá Camp Chocorua sílẹ̀ ní erékùṣù kan nínú adágún Squam ní New Hampshire, nítorí ó rí i pé àwọn ọmọ olówó kàn ń tẹ̀lé òbí wọn káàkiri òtẹ́ẹ̀lì lásìkò ooru, wọn kò sì mọ ohunkóhun ṣe fúnra wọn. Kò sí ìránṣẹ́ ní káńpù rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń dáná, àwọn náà ló ń fọ àwo. Ìránṣẹ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ nígbà náà, fóònù ni wọ́n ń gbà lónìí, ìdí kan náà sì ni: kí ọmọ lè rí i pé òun lè ṣe nǹkan láìsí ẹni tó dúró ti òun. Fóònù, bí a bá wò ó dáadáa, ìránṣẹ́ ni, ó sì ń gbé ìyá àti bàbá sínú àpò ọmọ.

Ẹ sọ nínú lẹ́tà yín pé ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ni ẹ̀yin náà lọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ọjọ́ ìbẹ̀wò, pé gààrí àti mílíìkì inú agolo ni ẹ fi ń gbàgbé ilé, pé ẹ sì wà láàyè. N kò sọ pé bákan náà ni méjèèjì, nítorí ẹ kò yan bọ́ọ̀dìn fúnra yín, ọmọ yín ló sì fẹ́ lọ sí káńpù. Ìyàtọ̀ yìí tóbi, ó sì dára fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ohun tí ìyá tí kò lọ sí bọ́ọ̀dìn rí kò mọ̀, pé ẹkún alẹ́ àkọ́kọ́ kì í dúró di ọ̀sẹ̀ kejì.

Àárò ilé yóò sọ ọmọ náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò ní sọ ọ́. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan, Christopher Thurber, tí ó ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bi àwọn ọmọkùnrin 329 tó wà ní káńpù léèrè bí ara wọn ṣe rí lójoojúmọ́, ó sì rí i pé 83 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àárò ilé sọ fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni tiwọn le. Òun àti dókítà ọmọdé kan, Edward Walton, kọ ìmọ̀ràn fún àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, ohun kan tó wà níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún gbogbo òbí ni pé kí wọ́n má ṣe ṣèlérí fún ọmọ pé, “Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, n ó wá gbé ọ.” Ìlérí náà dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìyá òun kò gbà pé òun lè ṣe é, àti pé ẹkún ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ilé. Fóònù inú àpótí, ìlérí yẹn náà ni, a kàn wé e sínú ìbọ̀sẹ̀ ni.

Mo rí ọ̀kan báyìí. Bàbá kan tú okùn ẹ̀yìn béárì ìṣeré ọmọ rẹ̀, ó ki fóònù bọ̀ ọ́, ó sì rán an padà dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wù mí. Alẹ́ kẹta ni ọmọ náà pe ilé lábẹ́ aṣọ ìbora, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sùn, ó sì sunkún títí bàbá fi gbé ọkọ̀ láàárín òru. Ìrìn wákàtí mẹ́fà ni. Nígbà tí ó dé lówúrọ̀, ọmọ wà nínú adágún, ó ń fi omi ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, kò rántí mọ́ pé òun pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí bàbá rẹ̀, ẹkún tún dé, ó sì bá a lọ ilé. Alábòójútó tó sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan lóru náà, nítorí fóònù ni ọmọ náà bá sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn: ẹni tó lè gbá a mọ́ra wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí i.

Ẹ̀rí kan wà pé ìsinmi lọ́wọ́ ojú fóònù ń ṣe ọmọ ní àǹfààní, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì UCLA, tí Yalda Uhls ṣáájú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Àwọn ọmọ 51 lo ọjọ́ márùn-ún ní ibùdó kan nítòsí Los Angeles láìfojú kan fóònù, tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà, àwọn 54 mìíràn sì wà nílé bí ìṣe wọn. Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún pé, àwọn tó lọ sí ibùdó náà ti ń mọ ìbínú, ìbẹ̀rù tàbí ayọ̀ lójú ènìyàn ju bí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìtẹ̀síwájú wọn sì ju ti àwọn tó wà nílé lọ. Àwa Yorùbá kò nílò yunifásítì kí a tó mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ ìwádìí kékeré ni, àwọn ọmọ náà sì wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn nínú igbó fún gbogbo ọjọ́ náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá àìsí fóònù ló ṣe é tàbí wíwà pẹ̀lú ẹgbẹ́. Ní tèmi, méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀: bí fóònù bá wà, ẹgbẹ́ kò ní sí.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò gan-an ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Tẹ́lẹ̀ rí, bí òbí bá ti gbé ọmọ sílẹ̀, ó di ọjọ́ ìbẹ̀wò kí ó tó tún rí i. Lẹ́tà ni yóò máa retí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Bunk1 àti CampMinder ti ń ta ètò fún àwọn káńpù, tí òbí yóò fi máa wo fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì máa kọ ìwé tí wọn yóò tẹ̀ sórí bébà ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó fún ọmọ. Báyìí ni ibi tí ọmọ kò ti ní fóònù ṣe di ibi tí òbí ti ń fi fóònù ṣọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí láti inú ọ́fíìsì. Ayàwòrán méjì, ọmọ ọ̀ọ́dúnrún. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn kámẹ́rà yóò wà nínú fọ́tò mẹ́wàá lóòjọ́. Èyí tó wà láàárín adágún nínú ọkọ̀ àjẹ̀, tàbí tó ń tijú, tàbí tó kàn ń ka ìwé lábẹ́ igi, kò ní sí nínú ọ̀kankan fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí fọ́tò bá jáde lálẹ́, aago yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kí ló dé tí ọmọ mi dá dúró? Ta ni ọmọbìnrin tó fọwọ́ lé e léjìká? Ṣé aṣọ tó wọ̀ lánàá náà ló tún wọ̀ yìí? Ìyá kan láti ilẹ̀ wa pè nígbà kan nítorí irun. Ó ti san owó ńlá láti di irun ọmọ rẹ̀ kí ó tó lọ, ó wá rí i nínú fọ́tò pé apá iwájú ti tú. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, pé wọn yóò máa wo ọmọ rẹ̀ bí ọmọ tí kò ní ìtọ́jú, n kò sì bá a jiyàn. (Nípa èyí, ẹ di irun ọmọ yín ní dídì tó lè gba omi adágún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì kọ́ ọ bí yóò ṣe máa wé ìborùn sílíìkì fúnra rẹ̀ kí ó tó sùn. Kò sí alábòójútó tí yóò rántí.)

Ohun tí àwọn òbí kì í mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn irú ìpè bẹ́ẹ̀. A óò rán ẹnìkan sí ọmọ náà láàárín eré, yóò ní, “Wò ó, rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìyá rẹ ń fẹ́ rí ọ.” Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọmọ náà bá ti rí kámẹ́rà, yóò rántí pé wọ́n ń wo òun nílé, yóò sì tún ojú ṣe. Ohun tí ìkànnì abánidọ́rẹ̀ẹ́ ń fi ọmọ ṣe gan-an nìyẹn, pé kí ó máa gbé ìgbé ayé rẹ̀ bí ẹni tí ènìyàn ń wò. Ẹ ti san owó kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sì tún fi ọwọ́ ara yín gbé e tọ̀ ọ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ yan àkókò kan lóòjọ́ tí ẹ óò wo fọ́tò, kí ó jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú ilé ni yóò máa wò ó, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù; bí ó bá jẹ́ bàbá rẹ̀, ẹ gbé e fún bàbá rẹ̀. Ẹ má ka ojú ọmọ nínú fọ́tò kan bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò, nítorí ìṣẹ́jú àáyá kan ni fọ́tò gbé wá nínú odindi ọjọ́. Àwọn òbí kan tilẹ̀ máa ń bá ọmọ wọn di àrokò: bí ó bá na àtàǹpàkò sókè, ó ń gbádùn; bí ó bá fọwọ́ kan etí, kí wọ́n pe ọ́fíìsì. Àwọn baba wa tó ń so owó ẹyọ mọ́ ìyẹ́ ránṣẹ́ yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́. Èmi kò fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún 11, nítorí ọjọ́ tí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ ní etí, ẹ̀yin ni ẹ kò ní sùn.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé yóò bá yín ṣa fọ́tò ọmọ yín jáde, kí ẹ má bàa wo ọgọ́rùn-ún mẹ́ta kí ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè ṣe é, ilé iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọn ojú ọmọ náà kí ó sì tọ́jú ìwọ̀n náà, ènìyàn sì lè pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, kò lè pààrọ̀ ojú. Ìpínlẹ̀ Illinois ti ṣòfin lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti 2008, òfin náà sì ni Facebook forí gbá nígbà tí ó gbà láti san mílíọ̀nù 650 dọ́là nítorí pé ó ń dá ojú àwọn ènìyàn mọ̀ nínú fọ́tò láìgba àṣẹ wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó kéde pé òun yóò pa ètò náà tì. Bí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣìṣe nínú rẹ̀, mi ò rí ìdí tí a ó fi fún áàpù káńpù ní ojú ọmọ nítorí kí ọwọ́ wa má bàa rẹ̀ wá lórí fóònù. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kí wọ́n pa ìwọ̀n ojú náà rẹ́.

Ẹ tún yẹ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wò dáadáa. Ìyàtọ̀ wà láàárín àpótí fọ́tò tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, tí àwọn òbí nìkan ń wò, àti ojú ewé Instagram tí káńpù fi ń polówó ara rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń fi ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo mú méjèèjì, ẹ sì lè kọ̀wé pé ẹ gba ti àkọ́kọ́, ẹ kò gba ti èkejì. Kò sí ọ̀gá káńpù gidi tí yóò bínú. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Mo mọ̀ wá. Fọ́tò àkọ́kọ́ tó bá dé, ó ti wà lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp pẹ̀lú orúkọ káńpù àti “Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa,” láti ibẹ̀ ó di inú ẹgbẹ́ ìdílé, láti ibẹ̀ ó di ẹgbẹ́ ìjọ, ọmọ márùn-ún tí kì í ṣe tiyín sì wà nínú rẹ̀ tí òbí wọn kò mọ̀ pé fọ́tò ọmọ àwọn ti dé Mọ́ṣáláṣí àti Ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ fi han ẹbí, ẹ gé àwọn ọmọ ọlọ́mọ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ má sì dárúkọ ibi tí ọmọ wà títí yóò fi padà sílé.

Ibi tí ojú mi kò kúrò ní gbogbo ọdún tí mo lò ní fóònù àwọn alábòójútó. Ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 20 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kò sì gbé láìsí fóònù rí. Alábòójútó kan ní káńpù tí mo ti ṣiṣẹ́ ya fídíò àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń jó pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ó gbé e sórí ayélujára pẹ̀lú ẹ̀rín, kò ní èrò búburú kankan. Ó tó ọjọ́ méjì kí àgbàlagbà kan tó rí i. Ẹ béèrè pé níbo ni fóònù àwọn alábòójútó máa ń wà nígbà tí wọ́n bá wà pẹ̀lú ọmọ, àti pé ṣé wọ́n lè bá ọmọ ṣọ̀rẹ́ lórí ìkànnì lẹ́yìn káńpù. Ìdáhùn tó tọ́ sí ti ìkejì ni rárá. Ọmọ yín fúnra rẹ̀ kò tíì tó ẹni tó ń ní ojú ewé lórí Instagram tàbí TikTok. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1998 láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ọmọdé lórí ayélujára ló mú kí wọ́n fi ọdún 13 ṣe ààlà.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tó ṣeé ṣe kó wà lọ́kàn yín. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2025, odò Guadalupe kún lójijì ní agbègbè Kerr ní ìpínlẹ̀ Texas, àwọn ọmọdébìnrin àti alábòójútó 27 sì kú ní Camp Mystic, káńpù tó ti wà láti 1926. Wọn kì í gba àwọn ọmọ láyè láti mú fóònù wá síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń bi mí pé ṣé òfin àìgbafóònù kò léwu. Mo ti rò ó púpọ̀. Ìkìlọ̀ ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ jáde ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá òru náà, ní wákàtí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń sùn, yálà fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ tàbí kò sí. Àgbàlagbà ló yẹ kí ìkìlọ̀ máa bá lójúfò. Nítorí náà, ẹ bi káńpù yín pé: ta ni kì í sùn lóru? Ṣé rédíò ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ wà níbẹ̀? Ṣé alábòójútó inú ilé pákó kọ̀ọ̀kan ní rédíò ọwọ́ tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì bí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ? Ibo ni wọn yóò kó àwọn ọmọ gbà? Ibi tí ó yẹ kí ẹ lo íntánẹ́ẹ̀tì yín dé gongo nìyí: ẹ tẹ àdírẹ́sì káńpù náà sórí máàpù àkúnya omi ti FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àjálù, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì wo ibi tí àwọn ilé tí ọmọ ń sùn sí wà.

Bí ọmọ bá ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ̀rọ ara rẹ̀ sì ń wọn ṣúgà sórí fóònù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì káńpù yóò bá yín ṣètò rẹ̀, ẹ̀rọ agbàròyìn tí kì í ṣe fóònù sì wà fún un. Ẹ kò sọ pé ọmọ yín ní àìsàn kankan, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ra kámẹ́rà alálòdanù fún un, èyí tó ń ya fọ́tò 27 péré. Yóò mọ ohun tó yẹ ní yíyà.

Ó wá ku Màmá ní Ìbàdàn. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ wọn lè má dé Maine kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, ṣùgbọ́n ohùn wọn yóò dé ọ̀dọ̀ yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ wọn sórí WhatsApp, kí wọ́n ki ọmọ náà ní oríkì rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kí ẹ wá jókòó kí ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́ sílẹ̀, àmì ohùn àti gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wákàtí kan máa ń wà tí gbogbo káńpù fi ń sinmi lórí bẹ́ẹ̀dì, ìgbà náà ni wọ́n ń ka lẹ́tà tí wọ́n sì ń kọ èsì. Ẹ fi èyí àkọ́kọ́ sínú pósítì ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ọmọ tó kúrò nílé, kí ó lè bá a níbẹ̀. Ẹ bi í nínú rẹ̀ nípa adágún, nípa orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá, nípa orin tí wọ́n ń kọ nídìí iná. Ẹ má kọ “àárò rẹ ń pa wá kú” síbẹ̀.